Ọkọ̀ Irin Tó Dógò ní Igbótákò

Jethro ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ sọ fún Àrìnkẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ti kú sójú ogun. Kì í ṣe ọ̀gá sójà. Kì í ṣe àgbà ìjọ. Jethro ni, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

Òótọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí. A ò fi nǹkan kan kún un. Bí ó bá ṣe pé a ṣe nǹkan sí i, a yọ kúrò níbẹ̀ ni, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láàyè, a sì jọ ń ná ọjà kan náà. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kó wọkọ̀ dé Igbótákò, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹbu. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí yóò bá a rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ni. Àrìnkẹ́ wà ní ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa lẹ́yìn ìlú. Ó ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Jethro pa ọ̀kadà. Ó dúró.

"Owó epo àná lo mú wá àbí kí ni?" Àrìnkẹ́ ò wẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Ṣé ẹni tó ń jókòó lo mọ̀ mí sí? Sọ ọ́."

"Dominic tó ń ṣe sójà ló pè mí láti ọ̀hún. Ó ń sunkún. Ó ní… ó ní Jùwọ́n ni."

Àrìnkẹ́ ò ju nǹkan kan sílẹ̀. Ó ń rọ epo náà lọ títí kẹ́ẹ̀gì fi kún. Ó dé e. Ó fi àkísà nu etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ogun ta ló lọ jà?"

Jethro ń wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo ní ogun ta ni! Ta ló bá a jà ní Igbótákò níbí?"

Òun nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un. Jùwọ́nlọ́lá. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń kọ́ ábídí. Àrìnkẹ́ fúnra rẹ̀ ò kàwé kọjá kó kọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò tíì bí ẹni tí yóò fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tẹ̀ níkùn rẹ́ ẹ jẹ. Epo ló fi bọ́ ọmọ, epo ló fi rán an níléèwé. Ó fẹ́ kó di tíṣà. Irin ni ọmọ fẹ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣa ẹyìn nínú oko ọ̀pẹ, òun á wà lábẹ́ katakata, ọ́ìlì dúdú lójú rẹ̀ bí ẹni lé tìróò. Kí irùngbọ̀n tó hù ú, ó ti ń wa katakata fún àwọn olóko. Nígbà tó wọṣẹ́ sójà, ìdí táǹkì ni wọ́n fi í sí, ọkọ̀ ogun onírin tí kò ní táyà, tó ń fi ẹ̀wọ̀n irin wọ́ lọ bí ọ̀kùn. Òun ni dírẹ́bà rẹ̀.

Bó bá wá sílé fún ìsinmi, ariwo ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́.

"MÀÁMI! Ẹ FÚN MI LÓMI!"

"Ṣé adití ni mo bí, àbí èmi gan-an ni adití?"

"Táǹkì ló di mí létí!" Á bú sẹ́rìn-ín. "Inú rẹ̀ gbóná ju ẹbu yín lọ. Bí mo bá ń wà á, mi ò gbọ́ ohùn ara mi."

"Kí lo wá ń wá níbẹ̀, ìwọ ọmọ yìí?"

"Kò sóhun tó lè dá a dúró, Màámi. Igi o, ògiri o, ẹrẹ̀ o. Ó ń lọ ni."

Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dá a dúró. Ní apá Borno, lójú ọ̀nà yanrìn kan tí Àrìnkẹ́ ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìkálẹ̀, bí ọ̀dọ́ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Ìyá kì í sin ín. Ìyá kì í rí pósí rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá ló ń ṣe é. Wọ́n á mú ìyá kúrò nílé títí wọn yóò fi ṣe tán, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ nàka síbẹ̀ fún un títí ayé. Wọ́n ní bí ojú rẹ̀ bá kan ibẹ̀, ẹkún rẹ̀ ò ní dá mọ́.

Ọláṣùpọ̀, àbúrò ọkọ Àrìnkẹ́, ni olórí ẹbí. Ó ṣí fìlà, ó fi lé orúnkún.

"Ìyá Jùwọ́n, a ò ní fi ọmọ wa sí ilẹ̀ onílẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó lọ gbé e wá. Ọkọ̀ ni, pósí ni, owó ọ̀nà ni. Kò kéré."

"Èló?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà."

Àrìnkẹ́ kó gbogbo epo tó tọ́jú de ìgbà ọ̀wọ́n síta. Ó tà á ní ọ̀pọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ pé òkú ló ń lé e, wọ́n sì ná an wálẹ̀ láìtijú. Ó ka owó náà lé Ọláṣùpọ̀ lọ́wọ́ lójú Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbé Àrìnkẹ́ lọ sí ìlú mìíràn ní Òṣòòrò, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un padà, Ọláṣùpọ̀ ní, "A ti ṣe é. Ọmọ ti wálé." Àrìnkẹ́ ò béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Ó dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́! Obìnrin tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí kẹ́ẹ̀gì epo kan ṣoṣo.

Ó padà sí ẹbu, ó ń ra epo àwìn tà.

Ọ̀sán ganrínganrín ló kọ́kọ́ dé.

Wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó ń fún epo. Àwọn obìnrin ń jẹun. Oòrùn mú, atẹ́gùn ò fẹ́. Ṣàdéédé, ẹ̀ga dákẹ́ lórí ọ̀pẹ. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àrìnkẹ́ wo inú àgbá epo tó wà níwájú rẹ̀. Ojú epo ń gbọ̀n. Ó ń ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti àárín lọ sétí, láti àárín lọ sétí. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ. Lábẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe létí. Ó ń kùn. Ó jìn. Bí ẹni ń yí ọlọ nínú ilẹ̀. Òórùn epo dísù gba ẹbu kan, ó bo òórùn epo pupa mọ́lẹ̀.

Ó dá.

"Katapílà àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ni," obìnrin kan wí.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ti kó katapílà wọn lọ láti ọdún tó kọjá, wọ́n sì fi kòtò sílẹ̀ fún wa.

Nírọ̀lẹ́, Jethro sáré wá.

"Màmá, ẹ wá wo nǹkan."

Lójú ọ̀nà oko ni. Ipa méjì, ó gùn, ó fẹ̀, eyín irin hàn nínú ilẹ̀ pupa bí ẹni fi òòyà ńlá ya á. Ó ti ọ̀nà títì wá. Ó wá, ó wá, ó sì tán. Láàárín ọ̀nà. Bí ẹni pé wọ́n gbé ohun tó ń rìn náà kúrò lókè.

"Ibo ló yà sí?"

"Kò yà."

"Ó fẹ̀yìn rìn padà ni?"

"Mo ti tẹ̀ lé e dé títì, Màmá. Kò sí ipa ìpadà. Wíwá nìkan ló wà níbẹ̀."

Àrìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ náà. Ó yára fà á padà. Ilẹ̀ gbóná.

Ó tún dé. Ó tún dé lẹ́yìn ìyẹn. Níbi tí ipa ti àná bá tán sí, ibẹ̀ ni tuntun á ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá oko gbágùúdá. Ó kọjá iléèwé. Ìlú ló ń bọ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tilẹ̀kùn.

Wòlíì Olúyọmí ti ìjọ Aládùúrà tí Àrìnkẹ́ ń lọ wá pẹ̀lú agogo àti omi àdúrà. Ó gbàdúrà títí ọrùn rẹ̀ fi wú. Ó wọ́n omi náà sójú ipa. Omi hó. Ṣàà, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ki irin pupa bọ omi. Wòlíì ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Kí lẹ rí, bàbá?"

"Mi ò rí nǹkan kan, ìyá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Dominic dé. Ọmọ Àjàgbà ni, òun àti Jùwọ́nlọ́lá jọ wà nínú táǹkì kan náà; òun ló ń yin ìbọn rẹ̀. Wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sibítù láti ìgbà náà. Iná ti jó o láti etí dé ọwọ́ òsì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àrìnkẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ó jókòó. Ó ń yí omi inú ife po, kò mu ún.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí ni."

"Sọ ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ?"

"Ta ni mi ò fẹ́?"

"Jùwọ́n. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí wọ́n ń pe ilé yín. Ọkùnrin kan ní òun ni àbúrò bàbá rẹ̀. Ó ní ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n sin ín síbẹ̀. Ó ní ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbé e wálé."

Àrìnkẹ́ gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò wá láti ilé, Màmá. Ọ̀hún ló wà. Wọ́n kọ nọ́ńbà sórí rẹ̀."

Wọ́n lè jí owó obìnrin, kó sunkún, kó gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kọ ọmọ rẹ̀! Kí wọ́n sọ fún òkú pé ìyá ẹ ò fẹ́ ẹ! Àrìnkẹ́ dìde. Ó tún ìró ró, ó gbà á lọ́já, ó so gèlè mọ́ ìbàdí.

"Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ojú ọ̀nà ni Dominic ti rí ipa náà. Ó dúró gbọnin. Ó tẹ̀ lé e díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ìka sí ibì kan ní apá òsì tí eyín irin kan ti fò. Ó tún rí i níwájú. Ó tún rí i.

"Eyín yẹn ti kán kí a tó jáde lọ́jọ́ náà," ó wí. "Jùwọ́n ló ní kò burú, a ó tún un ṣe tí a bá dé." Ó fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. "Màmá, ọkọ̀ yìí jóná lójú mi."

"Ó ti mọ̀nà ilé," ni Àrìnkẹ́ wí. Kò dúró.

Ọláṣùpọ̀ wà níwájú ilé, ó ń rin pákò.

"Ọkọ mi, ẹ kúulé."

"Ìyá Jùwọ́n, kí ló dé tí o ń mí báyìí?"

"Níbo lẹ sin ọmọ mi sí?"

"Ẹ̀ẹ̀wọ̀! Ìyá kì í béèrè!"

"Mo ti béèrè."

"Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé! Obìnrin yìí fẹ́ ba ilẹ̀ jẹ́!"

"Dominic kì í ṣe ìyá. Ẹ mú òun lọ síbẹ̀."

Ọláṣùpọ̀ wo Dominic. Ó wo ọwọ́ tó jóná. Pákò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé yọjú láti inú ilé, ojú rẹ̀ wú.

"Sọ fún un, bàbá. Èmi ò lè sùn mọ́ nínú ilé yìí. Sọ fún un."

"Kí ni kí n sọ?" Ohùn Ọláṣùpọ̀ lọ sókè. "Wọ́n ń pa èèyàn lọ́nà ọ̀hún! Ṣé kí èmi náà kú ni? Ilẹ̀ ni ilẹ̀. Ẹni tó kú ti kú."

"Ó dáa. Ẹ̀rù bà yín. Ẹ̀rù kì í náwó. Owó mi dà?"

Ojú Ọláṣùpọ̀ ṣìnà. Ó yà sí abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró sí, àlòkù tí wọ́n tún kùn, tí ọmọ kan ń bá a fi kérò. Àrìnkẹ́ tẹ̀ lé ojú rẹ̀ débẹ̀.

"Mo ti wọ kẹ̀kẹ́ yẹn lọ sọ́jà," ó wí. "Mo gbé epo sẹ́yìn rẹ̀. Dírẹ́bà yín ò gbà fún mi ní igba náírà, ó ní àfi ọ̀ọ́dúnrún. Mo san án! Pósí ọmọ mi ni mo wọ̀ lọ sọ́jà, Ọláṣùpọ̀, mo sì sanwó!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é lórúkọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọlé.

"N ó san án díẹ̀díẹ̀…"

"Owó mi pé ni mo fún yín. Ó pé ni n ó gbà. Èmi ni n ó fi lọ gbé ọmọ mi. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Kí ẹ̀ẹ̀wọ̀ wá bá mi lọ́hùn-ún."

Láyé àwọn bàbá wa, bí gbèsè bá le, olówó á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè. Kò ní jà, kò ní fọ́ nǹkan. Á jẹun níbẹ̀, á sùn níbẹ̀, á máa fi ẹnu bó o lójú ayé títí yóò fi san án. Dógò ni wọ́n ń pè é. A ti pa á tì. Àrìnkẹ́ lọ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá láti ẹbu. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn Ọláṣùpọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, olórí ẹbí! Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ọmọ mi sùn sínú yanrìn!"

Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ọláṣùpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

"Ẹ wá wo o! Ẹ wá wo àgbà tó ń yọ bí eku tó jí ẹja! Bàbá, ẹ rọra, ẹ má ṣubú sínú ṣáláńgá!"

Ẹ̀rín tán nígbà tí ipa náà yà sí òpópónà wọn. Òwúrọ̀ ni wọ́n rí i. Ó ti yà níbi oríta, ó ti rún kọ̀ǹkéré ojú gọ́tà kan wómúwómú, ó kọjú sí ilé Ọláṣùpọ̀ tààrà. Àwọn alájọgbé kó ẹrù. Dominic bẹ Àrìnkẹ́ kó dìde níbẹ̀.

"Màmá, ọ̀nà rẹ̀ lẹ jókòó sí."

"Kó wá."

Ó wá. Kì í ṣe òru. Òru ì bá sàn, ènìyàn ì bá ní òun ò ríran dáadáa. Ìyálẹ̀ta ni, oòrùn ń ràn, aṣọ Abọ́sẹ̀dé ń gbẹ lórí okùn. Adìẹ kọ́kọ́ sá. Lẹ́yìn náà ni ìlú pa lọ́lọ́. Kùrùrù, kùrùrù, lábẹ́ ẹsẹ̀. Òórùn dísù. Òórùn nǹkan mìíràn nínú rẹ̀, tí Dominic gbọ́ tó fi bì.

Wọ́n rí ilẹ̀ tó ń wọlẹ̀. Ojú gbogbo wọn ló ṣe. Kò sí nǹkan lórí rẹ̀, oòrùn ni wọ́n rí, òdìkejì òpópónà ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń tẹ̀, eyín kan tẹ̀ lé eyín kan, apá ọ̀tún, apá òsì, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò kánjú. Aṣọ orí okùn fẹ́ sẹ́yìn. Ó dé ọ̀dọ̀ Àrìnkẹ́. Ó dúró. Bí Àrìnkẹ́ bá na ẹsẹ̀, yóò kàn án.

Ooru bò ó lójú. Àrìnkẹ́ ò dìde. Ó rọra na ọwọ́ síwájú. A ò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Ọwọ́ náà dúró níbẹ̀, kò wálẹ̀.

Ó ń kùn. Kò lọ, kò bọ̀. Bí ọkọ̀ tí dírẹ́bà rẹ̀ dúró de ẹnì kan.

Nínú ilé, Ọláṣùpọ̀ ń ké. Ó ń ti ojú fèrèsé pe Abọ́sẹ̀dé, pé kó wa kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, kó tà á ní iyekíye. Abọ́sẹ̀dé ti tà á. Láti àná ló ti tà á láìgbàṣẹ, ó sì fi ẹ̀gbà ọrùn tirẹ̀ lé e kó lè pé. Ó ti ojú fèrèsé ju àpò owó náà sí ọkọ rẹ̀ láyà.

"Gbé e fún un fúnra rẹ!"

Ọláṣùpọ̀ jáde. Ó fi ẹ̀yìn ra ògiri títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ àpótí. Àrìnkẹ́ gba àpò náà. Ó tú u. Ó tọ́ ìka lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ìdì kọ̀ọ̀kan, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yọ èyí tó ya, ó dá a padà. Ọláṣùpọ̀ wá òmíràn lápò fún un.

"Ó pé àbí kò pé? Ìyá Jùwọ́n, mo bẹ̀ ọ́! Sọ fún un pé ó pé!"

"Sọ fún ta ni?"

"Sọ fún un!"

Àrìnkẹ́ ka èyí tó kù. Ó dì í. Ó sé e mọ́ ìdí ìró.

"Ó pé," ó wí, kíkankíkan, bí ìgbà tí à ń bá ẹni tí etí rẹ̀ di sọ̀rọ̀. "MO NÍ Ó PÉ!"

Gbogbo wọn dúró. Wọ́n ń tẹ́tí.

Ẹ́ńjìnnì náà ò kú. Ó ṣì ń dúró de ìyá tó ní òun fúnra òun ni yóò wá gbé ọmọ òun.